Ọmọ Tí Ó Jáwọ́ Nínú Oògùn Olóró Ti Dé Ilé: Kí Ni A Gbé Kalẹ̀ Dè É?

Ìpadàbọ̀ kan wà tí a kì í lu ìlù sí. Bí ọmọ bá ti òkè òkun dé, àwọn ará ilé a pe onílù, wọn a pa ewúrẹ́, wọn a sì to àga síta títí dé ojú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti ilé ìwòsàn Yábàá tàbí ti Arò dé, níbi tí ó ti lọ jáwọ́ nínú tramadol tàbí igbó tàbí ògógóró, a kì í mú un wọlé ní ọ̀sán gangan. Ìyá rẹ̀ a mú un wọ ọkọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, àpò ọ̀rá kan a wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ náà a gba Mile 2 kọjá, a gba iwájú Trade Fair, a gba ibùdókọ̀ tí gbogbo ènìyàn ṣì ń pè ní Volks nítorí ilé iṣẹ́ Volkswagen tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò níbẹ̀ ní ọdún 1975, a sì já wọn sílẹ̀ ní Ìyànà-Ìbà tàbí ní Òkòkómáíkò nígbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Ìyá náà a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé iṣẹ́ ti parí.

Iṣẹ́ kò tíì parí. Ohun tí a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lónìí ni pé ìrọ̀lẹ́ tí ọmọ náà sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, pé àwọn oṣù díẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e ni ó léwu jùlọ fún un, àti pé àwa tí a wà ní àdúgbò ni a ó pinnu bí àwọn oṣù náà yóò ti rí: àwa ará ilé, olùkọ́, ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, olórí ìjọ àti lémọ́ọ̀mù, títí kan ìyá tí ó ń ta paraga ní ẹnu géètì. Dókítà ti ṣe tirẹ̀. Ó ti kọ ìwé fún un, ó sì ti ní kí ó máa lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ìta díẹ̀ ni a ń sọ. Ní ọdún 2018 ni a ṣe ìwádìí káàkiri Nàìjíríà lórí ọ̀ràn oògùn olóró, èyí tí ìjọba àpapọ̀ àti ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí ó ń rí sí ọ̀ràn náà fọwọ́ sowọ́ pọ̀ ṣe. Àwọn ènìyàn tí ó lo oògùn olóró láàárín ọdún kan péré, láti ẹni ọdún 15 dé ẹni ọdún 64, jẹ́ mílíọ̀nù 14.3, láìka ọtí àti tábà mọ́ ọn. Ìdá 14.4 nínú ọgọ́rùn-ún ni èyí jẹ́ ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ó jẹ́ ìdá 22.4, èyí tí ó ga ju ti gbogbo ẹkùn yòókù lọ. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ó jẹ́ ìdá 33: ẹnìkan nínú ẹni mẹ́ta. Ìwádìí kan náà fi hàn pé obìnrin ni ẹnìkan nínú mẹ́rin àwọn tí ó ń lò ó, àti pé ẹnìkan nínú márùn-ún wọn ni ó ti di àìsàn sí lára. Bí ẹ bá jókòó ní ìpàdé wọ́ọ̀dù yín ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹ ka orí àwọn tí ó wà níbẹ̀, kí ẹ sì ṣe ìṣirò náà fúnra yín.

Àdúgbò tiwa sì ní bí ó ti rí. Ọ̀jọ́ jẹ́ ìlú àwọn Àwórì tí ó ti wà létí omi kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì yóò gba ìtòsí rẹ̀ kọjá. Lónìí ọjà Alábà wà níbẹ̀, bárékè àwọn ṣọ́jà wà níbẹ̀, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1983 wà níbẹ̀, ilé tí ìjọba Alhaji Lateef Jakande kọ́ fún àwọn tí owó wọn kò pọ̀ sì wà ní Ìbà. Ibi tí akẹ́kọ̀ọ́, ṣọ́jà, oníṣòwò, awakọ̀ àti alábàárù bá ti ń pàdé, ọtí kì í jìnnà síbẹ̀. Oògùn tí ó ń mú ni fara da iṣẹ́ kì í sì í jìnnà.

A mọ̀ọ́mọ̀ sọ pé iṣẹ́, nítorí pé fàájì kọ́ ni ó mú ọ̀pọ̀ nínú wọn dé ìdí tramadol. Alábàárù tí ó ti ń fi orí gbé fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n láti òwúrọ̀, ẹ̀yìn ń dùn ún. Ẹnìkan fún un ní hóró kan, ẹ̀yìn náà sì dákẹ́. Awakọ̀ dánfó tí ó jí ní aago mẹ́rin òwúrọ̀, tí yóò sì wà lórí ìjókòó títí di aago mẹ́wàá alẹ́, ń wá ohun tí yóò lé oorun lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀ ń wá irú rẹ̀. Hóró kan di méjì, méjì di mẹ́rin. Oògùn tí dókítà ń kọ ní ìwọ̀n 50 tàbí 100 milligram, tí kì í sì í fẹ́ kí ó kọjá 400 ní ọjọ́ kan, ni wọ́n ń tà fún àwọn ọmọ wa lábẹ́ tábìlì ní ìwọ̀n 225 nínú hóró kan ṣoṣo. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ sì fòfin de kíkó omi oògùn ikọ́ tí kodéènì wà nínú rẹ̀ wọlé, àti ṣíṣe é ní ilẹ̀ yìí, ní oṣù karùn-ún ọdún 2018, lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ BBC ti fi fíìmù tú àṣírí òwò náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Òfin lè ti ilẹ̀kùn ilé iṣẹ́ tí ń ṣe oògùn. Ẹni tí oògùn náà ti mọ́ lára kò lè torí òfin rí oorun sùn ní òru ọjọ́ náà.

Kí ni ojú ẹni tí ó bá jáwọ́ ń rí? Ó yẹ kí ará ilé mọ̀ ọ́n, kí wọ́n má baà fi ìmọ̀ràn búburú pa á.

Bí ó bá jẹ́ tramadol tàbí kodéènì ni, kí ọjọ́ kan tó pé ni imú rẹ̀ yóò ti máa ṣàn, egungun yóò máa ro ó, òógùn yóò bò ó, inú yóò máa run ún, yóò máa bì, yóò sì máa ṣu. Oorun yóò jìnnà sí i. Ọjọ́ kejì àti ìkẹta ni ó máa ń le jù. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá, ìyọnu ara a bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Ti tramadol tún ní ọwọ́ mìíràn nínú, nítorí pé ó lè mú kí ẹ̀rù òjijì ba ènìyàn, kí ó sì máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ igbó, ìbínú, àìsùn, àìlèjẹun àti àlá burúkú ni yóò bá a jà fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì.

Ti ọtí ni ó yàtọ̀, a sì fẹ́ kí ó yé tọmọdé tàgbà. Ẹni tí ó ti ń mu ògógóró tàbí ọtí inú ọ̀rá láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kò gbọdọ̀ dá jáwọ́ lójijì nínú yàrá rẹ̀. Gìrì lè gbé e láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Láti ọjọ́ kejì sí ìkẹrin, ara rẹ̀ lè máa gbọ̀n, kí ibà mú un, kí ó máa bá ẹni tí a kò rí sọ̀rọ̀, kí ó máa na ọwọ́ sí kòkòrò lára ògiri. Èyí lè pa á. Ilé ìwòsàn ni ibi tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti ń jáwọ́, níbi tí nọ́ọ̀sì yóò ti máa wò ó, tí a ó sì ti fún un ní oògùn tí yóò mú ara rẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ ẹbí ti máa ń ṣìnà. Wọ́n rí ọkùnrin tí ó ń bá ògiri sọ̀rọ̀, wọ́n ní ayé ni ó ń ṣe é. Wọ́n gbé e lọ sí ilé àdúrà, wọ́n so ẹ̀wọ̀n mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, wọ́n sì ní kí ó gba ààwẹ̀ gbígbẹ. Àwa kò tako àdúrà. A mọ ọ̀pọ̀ ènìyàn tí àdúrà gbé ró nígbà tí kò sí ẹlòmíràn tí ó dá sí wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń bì tí ó sì ń ṣu, omi ara rẹ̀ ni ó ń lọ. Bí a bá tún ní kí ó má mu omi, kí ni a ń ṣe fún un? Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019 ni àjọ Human Rights Watch gbé ìròyìn jáde nípa àwọn tí a fi ẹ̀wọ̀n so mọ́lẹ̀ báyìí ní Nàìjíríà, ní ilé ìjọba, ní ilé ìsìn àti ní ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀. Òfin tí a sì ń lò fún irú ọ̀ràn wọ̀nyí nígbà náà ni òfin ọdún 1958 tí ó pe aláìsàn ní wèrè láìfi bò. Oṣù kìíní ọdún 2023 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari tó fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, èyí tí ó fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́ tí ti àtijọ́ kò fún un. Ọdún márùndínláàádọ́rin! Ọmọ tí a bí ní ọdún tí òfin wèrè náà jáde ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ kí a tó pa á rẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni a kì í ṣe aláìní àpẹẹrẹ rere. Ọdún 1907 ni ìjọba àwọn Òyìnbó ṣí ilé Yábàá, ibi ìfinipamọ́ ni ó sì jẹ́ nígbà náà ju ibi ìwòsàn lọ. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1954, ọmọ Abẹ́òkúta kan, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, tí ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Birmingham, bẹ̀rẹ̀ ohun kan ní Arò tí àwọn oníṣègùn òkè òkun wá wò pẹ̀lú ìyanu. Dípò kí ó ti àwọn aláìsàn ọpọlọ mọ́lé, ó fi wọ́n wọ̀ sí ilé àwọn àgbẹ̀ ní àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká. Aláìsàn kò gbọdọ̀ dá wá. Ó gbọ́dọ̀ mú ẹbí kan lọ́wọ́, ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, tí yóò máa dáná fún un, tí yóò sì máa mú un lọ gba ìtọ́jú ní òwúrọ̀. Ní ọ̀sán, aláìsàn náà a bá àwọn ará abúlé ṣe iṣẹ́, a bá wọn ṣe ọdún. Lambo di Igbákejì Olùdarí Àgbà fún Àjọ Ìlera Àgbáyé lẹ́yìn náà, ó sì kú ní ọdún 2004. Ohun tí ó mọ̀ ni pé ilé wà lára oògùn. Arò àti Yábàá ń tọ́jú àwọn tí oògùn olóró ti dè lónìí pẹ̀lú, wọ́n sì ń bèèrè ẹbí lọ́wọ́ wọn. Ìbéèrè wa ni pé, nígbà tí aláìsàn bá kúrò níbẹ̀, ǹjẹ́ Òkòkómáíkò lè jẹ́ abúlé fún un bí?

Ẹ jẹ́ kí a fi àjọ ṣe àpèjúwe. Gbogbo ẹni tí ó bá ń ná ọjà Ìyànà-Ìbà mọ alájọ àti káàdì rẹ̀. Ojú ọjọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ó wà lórí káàdì náà; ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ni a ń dá, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ni a ń sàmì sí. Owó ọjọ́ kan, ti alájọ ni. Ẹni tí ó dá a kò rí nǹkan kan gbà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ ẹni tí ó jáwọ́. Ó ń dá, kò sì rí èrè. Ara rẹ̀ ti mọ́, ṣùgbọ́n oúnjẹ kò dùn lẹ́nu rẹ̀, orin kò wù ú gbọ́, àní ọmọ rẹ̀ tí ó gbé lẹ́sẹ̀ kò mú inú rẹ̀ dùn. Oògùn olóró ti fi ayọ̀ àyálò kún ọpọlọ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ débi pé ọpọlọ náà ti gbàgbé bí a ti ń ṣe ayọ̀ tirẹ̀, yóò sì gbà á ní ọ̀sẹ̀, nígbà mìíràn oṣù, kí ó tó tún un kọ́. Àwọn ará ilé kò mọ èyí. Wọ́n rí i tí ó fajúro, wọ́n ní kò moore. Ìyá rẹ̀ a máa bi í ní alaalẹ́ pé, "Ṣé o kò tíì mu ún lónìí?" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ a máa tú àpò rẹ̀ wò. A kò sọ pé kí wọ́n má ṣọ́ra. Kí wọ́n má ṣe fi owó ńlá sí i lọ́wọ́ ní oṣù àkọ́kọ́, kí wọ́n sì sọ ìdí rẹ̀ fún un ní ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ṣoṣo ní gbogbo alẹ́ kì í ṣe ìtọ́jú. Kí wọ́n bi í pé kí ni ó jẹ, pé ǹjẹ́ ó rí oorun sùn.

Lẹ́yìn náà ni ìfà. Ó ń rìn lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lẹ́bàá ọ̀nà, òórùn igbó fẹ́ wá láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù kan, ó sì dà bí ẹni pé ẹnìkan fa okùn tí ó wà nínú àyà rẹ̀. Ó lè jẹ́ ojú ọ̀rẹ́ àtijọ́ kan, ó lè jẹ́ owó ọ̀sẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà. Ìfà yìí a máa ga bí ìgbì omi, kì í sì í pẹ́ títí kí ó tó wálẹ̀ bí ènìyàn kò bá bọ́ ọ. Ẹni tí ó bá lè kúrò níbẹ̀, kí ó jẹun, kí ó pe ẹnìkan, kí ó rin ìrìn àbọ̀ wákàtí, a bá a tí ó ti lọ. Àwọn tí ó ti gba ọ̀nà náà kọjá sọ pé ebi, ìbínú, ìdánìkanwà àti àárẹ̀ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́rin. Ọmọ tí a bá fi ebi sílẹ̀, tí a bú, tí a pa tì sí yàrá, a ti pe mẹ́ta nínú wọn wá bá a.

Bí ó bá wá ṣubú ńkọ́? Ọ̀pọ̀ a máa ṣubú. Àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà tí ó ń ṣe ìwádìí lórí ọ̀ràn yìí ka ìpadàsẹ́yìn náà sí 40 sí 60 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n sì ní ó sún mọ́ iye àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru tí àìsàn wọn ń padà dé. Kò sí ẹni tí ó lé ìyá ẹlẹ́jẹ̀ ríru jáde nílé nítorí pé ó tún jẹ iyọ̀. Alájọ kì í fa káàdì ya nítorí pé oníbàárà rẹ̀ fo ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n ewu kan wà nínú ìṣubú yìí tí ó ń pa ènìyàn, tí ẹbí púpọ̀ kò sì mọ̀. Ẹni tí ó ti jáwọ́ nínú tramadol tàbí irú rẹ̀ fún oṣù kan, ara rẹ̀ kò gba iye tí ó ń gbà tẹ́lẹ̀ mọ́. Bí ó bá padà lọ gbé iye àtijọ́ mì lẹ́ẹ̀kan, èémí rẹ̀ lè dúró lójú oorun. Nítorí náà, bí a bá bá a tí kò ṣe é jí, tí èémí rẹ̀ ń lọ ségesège, ìgbà ìwàásù kọ́ nìyẹn. Kí a dà á sí ẹ̀gbẹ́, kí a sì wá ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹni tí ẹ̀rù ìtìjú kò bá sì jẹ́ kí ó sọ pé òun ṣubú, òun ni yóò dá nìkan mu ún nínú yàrá tí a ti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Ní ọdún 1935, ní ìlú Akron ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin méjì tí ọtí ti fẹ́ pa pàdé ara wọn, ọ̀kan jẹ́ oníṣòwò ìpín ìdókòwò, èkejì jẹ́ dókítà. Wọ́n rí i pé bí àwọn bá ń bá ara àwọn sọ̀rọ̀ láìpurọ́, àwọn kì í mu ní ọjọ́ náà. Láti ìdí èyí ni ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous ti jáde tí ó sì dé ilẹ̀ tiwa pẹ̀lú. Ẹni tí ó ti jáwọ́ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ní ọ̀rọ̀ kan láti bá ẹni ọjọ́ mẹ́ta sọ tí àwa tí kò mu rí kò lè sọ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà ní gbogbo àdúgbò wa, wọ́n dákẹ́ ni. A bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá àwọn ọmọ wọ̀nyí kàn.

Ẹ̀yin olólùfẹ́ ẹgbẹ́, tí ẹ máa ń ka ojú ewé yìí kí ẹ tó ka èyíkéyìí, ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ tí kò dùn. Nígbàkúùgbà tí ìdìbò bá ń bọ̀, a máa ń rí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí a kó jọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù, ọtí inú ọ̀rá wà lọ́wọ́ wọn, ohun tí ó wà lẹ́nu wọn kì í sì í ṣe sìgá. Ta ni ó ra á fún wọn? A kì í bèèrè nítorí pé gbogbo wa mọ̀. Kò sí ẹgbẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nínú èyí, ẹgbẹ́ tí ó wu àwa náà kò sì gbẹ́yìn. Ọmọ tí ó ti Yábàá dé ní oṣù tí ó kọjá, tí kò níṣẹ́, tí kò lówó, òun ni wọn yóò kọ́kọ́ wá pè, nítorí pé wọ́n mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ bí ẹni tí ẹ̀rù kì í bà. Ẹgbẹ̀rún mélòó kan náírà àti ọtí ọ̀rá méjì ni yóò fọ́ ohun tí ìyá rẹ̀ ta aṣọ kó tó lè rà. Alága wọ́ọ̀dù tí ó bá fẹ́ràn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí pé a kì yóò pín ọtí ní ìpàdé òun mọ́. Owó ọtí náà tó owó mọ́tò fún àwọn aláìsàn tí ó wà ní wọ́ọ̀dù náà láti máa lọ rí dókítà wọn.

Àwa tí a ń kọ èyí kò sì mọ́ ju ẹlòmíràn lọ. Ní ìkómọ kan ní Ìbà, àwa náà ni a gbé ìgò bíà síwájú ọkùnrin kan tí ó kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, tí a sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ìgò kan péré, ṣé o ti di àlùfáà ni?" Ọjọ́ kejì ni ìyàwó rẹ̀ sọ fún wa pé ọjọ́ kọkàndínlógún rẹ̀ nìyẹn. Ọkùnrin náà mu ún nítorí tiwa. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, ó sì ti pẹ́ báyìí tí kò mu, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní òun kò mu, a kì í bi í ní ìdí rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ ni ó kàn. Ọmọ tí ó padà sí kíláàsì lẹ́yìn oṣù méjì tí ó ti ń gba ìtọ́jú, ojú gbogbo kíláàsì ni yóò máa wò ó. Ọ̀rọ̀ kan láti ẹnu yín ní ìtò òwúrọ̀ lè lé e padà sí ẹ̀yìn ògiri ilé ìwé, níbi tí àwọn tí ó ń tà á ti ń dúró dè é. Ẹ má ṣe fi í ṣe àpẹẹrẹ, kódà àpẹẹrẹ rere. Ohun tí ó nílò ni àkókò tí ó ní ìlà: kí ó mọ ibi tí òun yóò wà ní aago méjì ọ̀sán nígbà tí ilé ìwé bá jáde, àti ní aago mẹ́rin. Ọ̀gá ilé ìwé tí ó bá fi agogo lílù lé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ti ṣe fún un ju ẹni tí ó fi wákàtí kan gbà á nímọ̀ràn lọ, nítorí pé ẹni tí ó ń lu agogo gbọ́dọ̀ tètè dé, gbogbo ilé ìwé sì ń retí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé olùkọ́ fúnra rẹ̀ ni ọtí dè, èyí tí a mọ̀ pé ó wà, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ má ṣe bá a bò ó mọ́ kí iṣẹ́ má baà bọ́. Kí wọ́n bá a lọ sí ilé ìwòsàn kí iṣẹ́ má baà bọ́.

Ọ̀rọ̀ wa tí ó kù, ọ̀dọ̀ àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ ni ó ń lọ, ti Ọ̀jọ́, ti Ìbà àti ti Ọ̀tọ̀-Àwórì. Láti Òkòkómáíkò dé Yábàá jìnnà, àwọn tí ń wọ ọkọ̀ lójú ọ̀nà náà mọ bí ọjọ́ kan ti ń tán nínú rẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin tí a yà láti Marina sí Òkòkómáíkò bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ṣùgbọ́n Mile 2 ni ìpele kìíní rẹ̀ parí sí. Aláìsàn tí a ní kí ó padà wá ní ọ̀sẹ̀ méjìméjì a lọ lẹ́ẹ̀kan, a lọ lẹ́ẹ̀kejì, ní ìgbà kẹta kò rí owó ọkọ̀. Ohun tí a ń bèèrè kò ju ọ̀sán ọjọ́ kan lọ nínú ọ̀sẹ̀ ní ilé ìwòsàn kan ní agbègbè kọ̀ọ̀kan, nọ́ọ̀sì kan tí a kọ́ ní iṣẹ́ yìí, yàrá kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣe é tì. Kí a má sì kọ nǹkan kan sí ara ilẹ̀kùn náà. Àjọ NDLEA ṣí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ọ̀fẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 2022 fún ẹni tí ó bá nílò ìmọ̀ràn, iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìyá ni ó gbọ́ orúkọ àjọ náà tí ó rántí ọkọ̀ tí a fi ń kó ènìyàn lọ sí àtìmọ́lé. Nọ́ọ̀sì tí ó ń gbé ní òpópó wọn kò ní dẹ́rù bà wọ́n.

Títí a ó fi gbọ́ èsì wọn, ọmọ tí ó sọ̀kalẹ̀ ní Ìyànà-Ìbà ní ìrọ̀lẹ́ àná ti sùn sílé ní òru kan. Ìwé kékeré kan wà nínú àpò ọ̀rá rẹ̀ tí a kọ ọjọ́ tí yóò padà lọ rí dókítà sí. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ó kù. Ó yẹ kí ẹnìkan nínú ilé náà ti mọ ọjọ́ ọ̀hún sórí, kí ó sì ti ya owó ọkọ̀ rẹ̀ sọ́tọ̀.